Ẹja Onírùngbọ̀n Nínú Àpótí Gíláàsì: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹja onírùngbọ̀n tó ń kú nínú àpótí gíláàsì, ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n ni ọ̀rọ̀ wọn ti bàjẹ́. Ẹni tó rà wọ́n kò mọ irú èyí tó gbé wọlé. Ọmọ ẹja tó gùn tó ìka ọwọ́ lè jẹ́ èyí tí kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ títí yóò fi kú, ó sì lè jẹ́ èyí tí yóò ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n bá nà án dúró. Nínú bókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ja, àwọn méjèèjì jọra: ara wọn dúdú, ó ń yọ̀, irùngbọ̀n sì wà lẹ́nu wọn. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, kí a tó dé orí àpótí àti omi.

Àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogí ní àǹfààní kan tí àwọn ará ibòmíì kò ní: Odò Ọya wà nítòsí. Àwọn ẹja tí à ń pè ní Synodontis, tí àwọn ẹlẹ́ja tó ń sọ Haúsá ní Lọ́kọ́jà ń pè ní kurungu, owó gidi ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń rà wọ́n sínú gíláàsì. Níbí, ọbẹ̀ la fi ń sè.

Ẹ ka irùngbọ̀n kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹlẹ́ja bu ẹja náà sínú ike tí ojú ń là kọjá, kí omi bò ó. Ẹ má fi ọwọ́ gbá a mú. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò: iye irùngbọ̀n, lẹbẹ ẹ̀yìn, lẹbẹ ọlọ́ràá (ìyẹn lẹbẹ rírọ̀ tó máa ń wà láàárín lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù, tí kò ní eegun nínú), àti bí ìrù ṣe rí.

Bí irùngbọ̀n bá jẹ́ 8, tí lẹbẹ ẹ̀yìn gùn láti ẹ̀yìn orí dé ẹ̀bá ìrù láìsí ẹ̀gún níwájú rẹ̀, tí kò sí lẹbẹ ọlọ́ràá, tí ìrù sì rí róbótó, àrọ̀ nìyẹn, Clarias, èyí tí wọ́n ń sìn nínú adágún àwọn tó ń sin ẹja. Ó ń mí afẹ́fẹ́, ó ń fò jáde lóru, ó sì lè gùn ju mítà kan lọ. Kò sí àpótí inú pálọ̀ tó gbà á. Bí orí àti irùngbọ̀n bá jẹ́ ti àrọ̀, ṣùgbọ́n tí lẹbẹ ẹ̀yìn kúrú, tí lẹbẹ ọlọ́ràá ńlá tẹ̀ lé e, Heterobranchus ni, òun náà sì ń ju mítà kan lọ. Àwọn tó ń sin ẹja máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọmọ, nítorí náà bí ẹ bá rí èyí tí lẹbẹ ọlọ́ràá rẹ̀ kéré, tí kò ṣe ti ìhín tí kò ṣe ti ọ̀hún, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹ kàn dá a padà sínú bókẹ́ẹ̀tì.

Irùngbọ̀n 8 tún wà lẹ́nu ọ̀bọ̀kún àti Bagrus. Ara ọ̀bọ̀kún ń dán bíi fàdákà, ojú rẹ̀ tóbi, ìrù rẹ̀ pín sí méjì. Ti Bagrus, irùngbọ̀n òkè rẹ̀ gùn lọ sẹ́yìn gan-an, lẹbẹ ọlọ́ràá rẹ̀ sì gùn. Àwọn méjèèjì lè gbé ẹja kékeré mì. Ohun tó bá ti wọ ẹnu wọn lóru, ẹ kò ní bá a láàárọ̀.

Bí ẹ kò bá rí lẹbẹ ẹ̀yìn rárá, àfi lẹbẹ ọlọ́ràá kékeré kan nítòsí ìrù, tí ara sì rí roboto, ẹ má fọwọ́ kàn án: òjíjí nìyẹn, Malapterurus. Irùngbọ̀n 6 ló ní. Èyí tó bá dàgbà lè gbé iná tó ju 300 fólìtì jáde. Àwọn kan ń sìn ín lóòótọ́, òun nìkan ṣoṣo nínú àpótí tirẹ̀. Bí ọmọdé bá wà nínú ilé, a kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí abẹ ọ̀bẹ, tí lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ gùn dé ìrù, tó sì ń wẹ̀ láàárín omi dípò ìsàlẹ̀, Schilbe ni tàbí ìbátan rẹ̀. Schilbe ń ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kékeré kan wà, Pareutropius buffei, tí a ń rí ní Nàìjíríà àti Benin, tí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tó ní ìlà dúdú mẹ́ta lára. Ẹja tó dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ bá lè rí i. Ẹ rà tó 6 tàbí 8 lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan tàbí méjì péré yóò máa sá pamọ́, kò ní jẹun, yóò sì kú.

Kurungu gan-an

Irùngbọ̀n 6 ni Synodontis ní. Méjì tòkè gùn, wọ́n sì ṣe gbọọrọ. Mẹ́rin tìsàlẹ̀ ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹlòmíì nínú àwọn tí a ti dárúkọ tó ní in. Eegun líle bo orí rẹ̀ dé èjìká. Ó ní ẹ̀gún mẹ́ta: ọ̀kan níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, eyín sì wà lára wọn bíi ti ayùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì há wọn síbẹ̀ débi pé ọwọ́ kò lè tẹ̀ wọ́n padà. Bí ẹ bá gbé e kúrò nínú omi, ẹ ó gbọ́ tó ń han fínnífínní. Gbòǹgbò ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fi gbo eegun èjìká. Ìdí nìyí tí a kì í fi àwọ̀n mú un. Ike ni kí ẹ fi bù ú tòun tomi. Bó bá ti há sínú àwọ̀n, ẹ má fà á. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé okùn àwọ̀n náà yí ẹ̀gún ká, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù jábọ́ fúnra rẹ̀ nínú omi.

Irú rẹ̀ tó wà nínú Ọya pọ̀. Àwọn tó ṣe pàtàkì fún yín nìyí:

Synodontis nigrita dúdú, ó ní tótòtó dúdú lára, kì í sì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ó dára fún àpótí.

Synodontis eupterus ní lẹbẹ ẹ̀yìn tó ga, tí okùn gígùn ń yọ jáde lórí rẹ̀ bó bá dàgbà. Ó lè dé sẹ̀ǹtímítà 30, àmọ́ inú gíláàsì kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ó lágídí, kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ bá a pín ihò.

Synodontis batensoda àti Synodontis membranaceus ń dojú ikùn kọ òkè wẹ̀, ikùn wọn sì dúdú. Awọ fẹ́lẹ́ wà létí irùngbọ̀n òkè wọn. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ya àwòrán irú ẹja bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ikùn lókè. Àwọn méjèèjì lè ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, nítorí náà ẹ wò wọ́n lójú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Synodontis clarias ní ẹ̀ka lára irùngbọ̀n òkè pàápàá, ìrù rẹ̀ sì máa ń pupa. Òun, Synodontis schall àti Synodontis ocellifer tóbi ju àpótí ilé lọ.

Ibi tí wọ́n ti sábà ń tan oníbàárà jẹ ni ti Synodontis nigriventris. Odò Kóńgò ni ìyẹn ti wá, kì í ṣe Ọya, kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Abuja àti Èkó máa ń ta ọmọ eupterus lórúkọ rẹ̀, nítorí pé lọ́mọdé àwọn méjèèjì ní àbàwọ́n bíi kọfí lára. Ẹ wo ikùn: ti nigriventris dúdú ju ẹ̀yìn lọ, ti eupterus kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo lẹbẹ ẹ̀yìn: ti eupterus ti máa ń ga láti kékeré. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ ṣe bí ẹni pé èyí tó ń tóbi ni.

Nínú àwọn tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, Corydoras ló rọrùn jù láti mọ̀: awo líle ìlà méjì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú. Ẹja tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní pleco, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ka eegun inú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Pterygoplichthys ni, yóò sì dé sẹ̀ǹtímítà 40. Ancistrus kò ní tó bẹ́ẹ̀ nínú lẹbẹ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 ni òpin tirẹ̀, ìwo rírọ̀ sì máa ń hù sí imú akọ rẹ̀.

Àpótí

Fún Synodontis nigrita mẹ́ta, tàbí eupterus kan, tàbí Pareutropius 8 pẹ̀lú Corydoras 6, àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45, tó ga ní 45 tó. Ẹ má da àwọn àkójọ yìí pọ̀ mọ́ra: nigrita yóò jẹ Pareutropius.

Ẹ ní kí onígíláàsì gé gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà 10 báyìí: ìsàlẹ̀ 120 × 45, iwájú àti ẹ̀yìn, méjì, 120 × 44, ẹ̀gbẹ́ méjì, 43 × 44, ọ̀pá òkè méjì, 118 × 5, àti ìdábùú kan, 43 × 8, tí yóò lé lórí ọ̀pá méjèèjì láàárín. Láìsí ìdábùú yẹn, omi yóò máa ti gíláàsì iwájú síta títí yóò fi ya. Sílíkọ́nì tó ń rùn bíi fínígà ni kí ẹ rà, èyí tí wọn kò kọ sí lára pé ó ń pa èbu. Oògùn èbu inú rẹ̀ yóò pa ẹja. Ẹ fi spírìtì nu etí gíláàsì kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, ẹ pọn omi kún un níta fún ọjọ́ 2, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò, kí ẹ tó gbé e wọlé.

Bó bá kún tán, gbogbo rẹ̀ yóò wúwo tó kìlógíráàmù 280 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti pákó tó nípọn ṣe ìdúró rẹ̀, kí ẹ tẹ́ fóòmù funfun abẹ́ fíríìjì láàárín pákó àti gíláàsì.

Iyanrìn odò tó kúnná ni kí ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀, bíi kìlógíráàmù 30 sí 35, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Yanrìn ọlọ́kúta tí bíríkìlà ń lò máa ń ha irùngbọ̀n ẹja títí yóò fi gé kù. Irùngbọ̀n tó ti gé kù ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, ẹ da fínígà díẹ̀ sórí ẹ̀kúnwọ́ kan: bó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ihò gbọ́dọ̀ ju iye ẹja lọ. Páìpù PVC 3 ínṣì, ìkòkò amọ̀ tó fọ́ tí ẹ ti fi páálí ìha ha etí rẹ̀, ẹ̀ka igi gúáfà tó gbẹ dáadáa tí ẹ ti bọ̀, gbogbo wọn dára. Ẹ bo òkè pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Omi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀

Omi kànga Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, orí àpáta líle ló ti ń sun, kì í sábà ní ẹfun púpọ̀ nínú. Èyí súnmọ́ omi Ọya, ẹja odò yóò sì fara mọ́ ọn. Ní agbègbè Ọbájànà àti Jákúrà, níbi tí òkúta sìmẹ́ńtì àti mábù wà, omi ibẹ̀ máa ń le. Ẹ ó rí ẹfun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Synodontis lè gbé inú rẹ̀ bí ẹ bá mú un wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ irú omi bẹ́ẹ̀, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí kò kan) ga, bí pH bá sì ga, ammonia inú ìgbẹ́ ẹja á túbọ̀ di májèlé. Ìwọ̀n ammonia tí ẹja lè fara dà ní Ìsánlú lè pa á ní Ọbájànà. Ẹ fi omi òjò lù ú, ìdajì sí ìdajì. Kí òjò ti rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé ike síta, kó sì má jẹ́ òjò àkọ́rọ̀ tó ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí ilé. Ẹ má gbe láti orí páànù àtijọ́, nítorí zinc tó ń yọ́ sínú rẹ̀.

Omi bohóòlù tó mọ́ nígbà tí ẹ fà á, àmọ́ tó pọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, irin ló wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àjèjì lápá Agbájà. Ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ìpẹtà náà sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wá fa omi òkè nìkan. Omi ẹ̀rọ ìjọba náà, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún wákàtí 24 kí kílórínì lè kúrò.

Ẹ má tíì ra ẹja

Asẹ́ tí a yàn fún ibi tí iná kò dúró ni asẹ́ fóòmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń wà. Ẹ fi ńlá méjì sí i. Àwọn kòkòrò àìrí tó dára ni yóò gbé inú fóòmù náà: àwọn kan ń sọ ammonia di nitrite, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló máa ń gbà wọ́n kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Ẹ pọn omi kún àpótí, ẹ tan asẹ́, kí ẹ máa ju ìpín oúnjẹ ẹja kékeré kan sí i lọ́jọ́ méjì méjì bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀. Ẹ fi ohun èlò ìdánwò olómi, èyí tí ń kán tótó, wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ammonia yóò kọ́kọ́ gòkè, lẹ́yìn náà nitrite. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá di 0, tí nitrate sì ti hàn, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ lọ ra ẹja. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ti ní àpótí tó dàgbà, tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, ẹ gba ègé fóòmù asẹ́ rẹ̀ kan, kí ẹ gbé e wá nínú omi rẹ̀. Ó lè dín ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kù.

Rírà àti gbígbé

Ẹja tí wọ́n fi ìgèrè mú sàn ju èyí tí wọ́n fi ìwọ̀ tàbí àwọ̀n mú lọ. Ní etídò Lọ́kọ́jà, ẹ bá apẹja sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó tọ́jú èyí tó kéré fún yín sínú ọpọ́n, kó má kó o mọ́ ti ọbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára jù. Nígbà ìkún omi oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi dọ̀tí, odò sì léwu. Ẹ wò ó pé irùngbọ̀n rẹ̀ pé, ikùn rẹ̀ kò wọ inú, kò sí owú funfun lára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì ń lù kíákíá.

Ẹ̀gún kurungu máa ń lu nọ́ọ́lọ́ọ̀nù. Bókẹ́ẹ̀tì onídèrí ni kí ẹ lò, ẹyọ kan nínú bókẹ́ẹ̀tì kan, omi ìdá mẹ́ta kan péré, kí ìyókù jẹ́ afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ onbátìrì bí ọ̀nà bá jìn dé Yàgbà. Bí ẹ bá délé, ẹ má dà á sínú àpótí. Ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kán omi tuntun sí i fún wákàtí kan. Ọpọ́n lítà 50 tó ní asẹ́ àti ihò tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kí ẹ lè rí i bí ó bá ní àrùn.

Oúnjẹ

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá ti pa iná pálọ̀. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ mìlímítà 2 dára, ṣùgbọ́n ó ń léfòó. Ẹ rẹ ẹ́ nínú ife omi kó tó rì. Ẹ máa fi ekòló tàbí edé tí ẹ rẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ancistrus ń jẹ kùkúḿbà àti tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ díẹ̀, ó sì ń ha igi. Ọjọ́ kan láìjẹun lọ́sẹ̀ kò pa wọ́n lára. Àjẹkù tó bá kù láàárọ̀, ẹ fà á jáde.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin kan nínú lítà 190 tó wà níbẹ̀ gan-an. Inú omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kí ẹ ti fún fóòmù. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ fọ fóòmù ti pa gbogbo kòkòrò rere inú rẹ̀, ẹja yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọjọ́ bíi mélòó kan sí i.

Nígbà tí iná bá lọ, àti nígbà ọyẹ́

Bí iná bá lọ, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ onbátìrì kan ni kí ẹ ní nílé, òun ló ṣe pàtàkì ju hítà lọ. Bí kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi àpótí, kí ẹ dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbàkúgbà tí ẹja bá ń gba ẹnu omi mí. Asẹ́ fóòmù ń fara dà á. Asẹ́ tó wà nínú ike pípadé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí iná bá ti lọ tó wákàtí 5 tàbí 6, omi inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ dà á nù kí ẹ tó tún un tàn.

Ìwọ̀n 24 sí 28 Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́. Ní òru ọyẹ́, omi lè lọ sílẹ̀ gan-an. Hítà wọ́ọ̀tì 200 tó bí iná bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fi fóòmù bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ gbé ìgò ike lítà 1.5 méjì tí omi gbígbóná wà nínú wọn sórí omi. Ìgò méjì bẹ́ẹ̀ kò lè gbé omi àpótí yìí sókè ju nǹkan bí ìwọ̀n 1 lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣèpalára.

Tótó funfun bí iyọ̀ lára ẹja lẹ́yìn òru tútù, kòkòrò Ichthyophthirius ni. Ẹ gbé omi lọ sí ìwọ̀n 30 díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3, kí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí tótó bá ti lọ. Èyí tó wà lára ẹja, oògùn kì í ràn án, àfi nígbà tó bá jábọ́ tó sì ń wẹ̀ kiri. Fún Synodontis, ẹ lè fi iyọ̀ sí i, gíráàmù 1 sí lítà kan, tí ẹ ó pín fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá lo oògùn tó ní malachite green, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ìgò ni kí ẹ lò, nítorí ẹja tí kò ní ìpẹ́ ń tètè mu oògùn sára.

Bí ẹ̀gún bá gún yín lọ́wọ́, ẹ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ kì í bọ omi tó gbóná dé ìwọ̀n 45, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ooru ń ba oró rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀gún bá kán sínú, ilé ìwòsàn ni.

Ní ti ẹja tó bá ti tóbi ju àpótí lọ, pleco kò gbọ́dọ̀ dé odò tàbí ìsun kankan, ìbáà ṣe ìdídò Ẹ̀jìbà. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á. Kurungu náà, ẹ má dá a padà sí Ọya, kó má kó àrùn àpótí lọ síbẹ̀. Ọbẹ̀ ni yóò bọ́ sí, àfi èyí tí ẹ bá ti fi malachite green tọ́jú rí: ẹ má jẹ ìyẹn, ẹ má sì tà á fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́.